Àgbá Ọtí tí Ó Pẹ́ Jù

Bóyá ìwọ kì í mutí. Bóyá o ti fẹ́ fi ìwé kékeré yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí o sọ pé, "Ti àwọn ọ̀mùtí nìyí, kò kàn mí." Dúró ná. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ kì í ṣe ọ̀mùtí. Ohun tó máa ń fi dá gbogbo ẹni tó bá wàásù fún un lóhùn nìyẹn, ìdáhùn náà ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sìn ín dé ọ̀run àpáàdì.

Struan Imlach ni orúkọ rẹ̀. Ilé rẹ̀ wà létí odò Spey, nísàlẹ̀ ìlú kékeré Fochabers, níbi tí odò náà ti ń fẹ̀ kó tó wọ inú òkun. Mo mọ ilé náà dáadáa. Títí di òní, bí yìnyín bá ń yọ́ lórí òkè tí mo sì gbọ́ ìró odò yẹn, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Kọ́lékọ́lé ni Struan kó tó fẹ̀yìn tì. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ yàrá kan sí abẹ́ ilé rẹ̀, ó fi òkúta tẹ́ ẹ, ó sì fi igi líle kan pẹpẹ gíga-gíga mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀. Bàbá ìyàwó rẹ̀, tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pẹja nínú odò yẹn, kìlọ̀ fún un nígbà náà. Ó ní, "Ọmọ mi, omi yìí ti dé ibi tó o dúró sí yìí rí. Á tún padà wá." Struan rẹ́rìn-ín. Ó ní òun mọ iṣẹ́ òun.

Kí ló wá kó sínú yàrá tó fi gbogbo agbára kọ́ yìí? Wísíkì ni. Kì í ṣe irú èyí tí ènìyàn ń mu pẹ̀lú ọ̀rẹ́ ní alẹ́ Sátidé o. Ọtí àtijọ́ ni, tó ti lo ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún nínú àgbá kí wọ́n tó rọ ọ́ sínú ìgò, àti ọtí àwọn ilé ìpọntí tó ti kógbá sílé, tí ẹnikẹ́ni kò ní pọn irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ó to gbogbo wọn ní ìnàró, nítorí bí ìgò wísíkì bá dùbúlẹ̀, ọtí inú rẹ̀ yóò jẹ kọ́ọ̀kì tí wọ́n fi dí ẹnu rẹ̀. Ó máa ń fi aṣọ rírọ̀ nù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á gbé wọn sí ìmọ́lẹ̀, á wo àwọ̀ wọn. Ó mọ ọjọ́ orí wọn ju ọjọ́ orí àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ.

Kì í sì í ṣí wọn. Bó bá fẹ́ mutí, ìgò kan wà ní ilé ìdáná tí kò gbówó lórí, ìwọ̀n ìka kan ló sì ń bù nínú rẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ohun tó fi ń yangàn nìyẹn. "Ṣé ẹ ti rí mi kí ọtí pa mí rí? Ìkójọ ni tèmi. Ẹlòmíì ń kó sítáǹbù jọ, èmi ń kó ìgò jọ. Kí lẹ̀ṣẹ̀ tó wà níbẹ̀?"

Ṣùgbọ́n èyí tó fẹ́ràn jù lọ kò sí lábẹ́ ilé rẹ̀. Àgbá kan ni, odidi àgbá, tó rà lọ́wọ́ ilé ìpọntí kékeré kan lórí òkè lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí Kirsty, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Wọ́n kọ orúkọ Kirsty sí ojú àgbá náà ní funfun. Inú ilé àgbá tí ìjọba ń ṣọ́ ni irú rẹ̀ ń gbé títí olówó rẹ̀ yóò fi ní kí wọ́n rọ ọ́ sígò. Struan ní ọjọ́ ìgbéyàwó Kirsty ni àwọn yóò ṣí i.

Ọjọ́ ìgbéyàwó dé. Struan ní, "Kò tíì yá. Ẹ jẹ́ kó tún gbó díẹ̀ sí i." Wọ́n bí ọmọ-ọmọ àkọ́kọ́, ó ní kò tíì yá. Ó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì yá. Hendry ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn, ó ní, "Struan, jẹ́ kí n tọ́ ọ wò kí n tó lọ." Struan ní kó fara balẹ̀, pé tó bá di ọdún tó ń bọ̀ á tún dùn jù báyìí lọ. Hendry kò rí ọdún tó ń bọ̀. Ó kú láìtọ́ ọ wò.

Ọ̀rẹ́ kan wà tí Struan ní, Dod Cowie, ẹlẹ́ja. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Dod máa ń wa ọkọ̀ ẹja rẹ̀ wá láti Buckie, tí yóò máa fọn fèrè ọkọ̀ náà láti ojúlé dé ojúlé, tí àwọn ènìyàn yóò jáde wá ra ẹja tútù àti èyí tí wọ́n fi èéfín yan. Nígbà kan rí, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń kó ìgò jọ. Wọ́n jọ ń lọ sí gbàǹjo ní Glasgow, wọ́n jọ ń jà lórí ọtí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní mu. Lẹ́yìn náà Olúwa pàdé Dod nínú gbọ̀ngàn ìpàdé kékeré kan létí òkun. Dod jáde níbẹ̀ ní ẹ̀dá tuntun. Láti ìgbà náà, kò sí bó ṣe lè ta ẹja fún ọ kó má fi Jésù kún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan báyìí, Struan àti Ishbel ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn ọkọ̀ ẹja náà. Struan ń tẹ ẹja wò.

"Dod, ẹja yìí, ṣé àárọ̀ yìí ló kúrò lómi àbí ìgbà tá a ṣì wà nílé ìwé?"

"Ó tutù ju ọkàn ẹ lọ, má tẹ̀ ẹ́ fọ́ fún mi. Struan, ìgbà wo lo máa fún Olúwa lésì?"

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ishbel, sanwó ká máa lọ." Ṣùgbọ́n kò lọ. Ó fẹ́ràn kó máa bá Dod ṣe àríyànjiyàn. "Ṣé mo ní mi ò ní ṣe é ni? Mo ní kò tíì yá. Jẹ́ kí n gbó díẹ̀ sí i. Ṣebí ìwọ náà lo sọ fún mi nípa olè tó yí padà lórí igi, nígbà tó ku díẹ̀ kó kú. Ó pẹ́ títí, síbẹ̀ wọ́n gbà á wọlé."

Dod ń fi ìwé di ẹja. Kò gbójú sókè. "Méjì ni wọ́n, Struan."

"Méjì kí ni?"

"Olè. Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ló tọrọ."

Ishbel ń ka owó ẹja náà. Òun ti ń lọ sí gbọ̀ngàn Dod jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láti ọdún tó kọjá, ó sì ń gbàdúrà fún ọkọ rẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀.

Dod tún bi í pé, "Àgbá ẹ ńkọ́? Ó ti tó ọjọ́ mélòó tó o ti ní kí wọ́n wọn agbára ẹ̀ wò?"

"Kí n máa fà á mu kí n tó ṣí i? Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá wọ̀n ọ́n ni wọ́n ń bù nínú ẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Àwọn áńgẹ́lì nìkan ló ń bá mi mu ún."

Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀ nìyẹn. Lọ́dọọdún, díẹ̀ nínú ọtí yóò gba ara igi àgbá jáde sínú afẹ́fẹ́, láìsí ihò, láìsí kíkán. Ìpín áńgẹ́lì ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe ń jáde bẹ́ẹ̀ ni yóò máa mú ògiri àti igi tó yí ilé àgbá ká dúdú bí ìdí ìkòkò.

Dod na ẹja sí i. "Áńgẹ́lì kankan ò mutí ẹ, ọ̀rẹ́ mi. Òfò lò ń fún lórúkọ tó dùn. Bí ọjọ́ ayé ẹ náà ṣe ń jò nìyẹn, kò sí ihò, kò sí ariwo. O kàn ń wo àgbá ẹ, ò ń rò pé ó kún."

Struan fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó sì wọlé lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni fóònù dún. Ọ̀dọ́bìnrin kan ni, ọ̀gá tuntun nílé àgbá.

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Imlach. Nípa àgbá yín ni. Wọ́n ní ẹ ò fẹ́ ká fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n a ń yẹ gbogbo àgbá àtijọ́ wò ni. Ẹ má bínú, sà. Agbára ọtí náà ti lọ sílẹ̀ sí méjìdínlógójì nínú ọgọ́rùn-ún."

Struan jókòó. Ó mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, nítorí kò sẹ́ni tó ń kó ọtí jọ nílẹ̀ yẹn tí kò mọ òfin náà. Bí agbára ọtí bá ti wálẹ̀ kọjá ogójì, kì í ṣe wísíkì mọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ lára ìgò, ẹ kò gbọdọ̀ tà á bẹ́ẹ̀ ní gbàǹjo, ìbáà lo ọgọ́rùn-ún ọdún nínú àgbá.

"Kí la ó wá máa pè é?"

"Sà?"

"Mo ní, tí kì í bá ṣe wísíkì, kí ni orúkọ ẹ̀?"

"Kò ní orúkọ, sà."

"Ẹ da òmíì tó lágbára mọ́ ọn."

"A lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọtí tuntun tá a bá dà mọ́ ọn ni òfin máa kà fún gbogbo ẹ̀. Ti àtijọ́ yẹn lọ nìyẹn. Ká ní ẹ tiẹ̀ pè wá lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ni…"

"Mò ń dúró kó gbó ni."

"Ó ti gbó kọjá, sà. Ẹ pẹ̀lẹ́."

Ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Struan lórí àga yẹn, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Kì í ṣe ọtí ló kọ́kọ́ rò. Ohun tó rò ni pé, ọjọ́ wo gan-an ló kọjá ogójì? Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ Àìkú kan báyìí tí òun jókòó tí òun ń jẹun. Agogo kankan kò lù. Àgbá náà kò yí àwọ̀ padà, orúkọ funfun náà ṣì wà lójú rẹ̀. Lójú gbogbo ẹni tó bá wò ó, wísíkì àtàtà ni, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà nínú rẹ̀ ti kú.

Lẹ́yìn náà ni èrò kejì dé, èyí tó jẹ́ kí ara rẹ̀ bù máṣọ. Bí èmi náà bá ti kọjá ńkọ́? Bí ọjọ́ tèmi bá ti lọ, tí n kò mọ̀, tí mo ṣì ń rẹ́rìn-ín tí mo ń ra ẹja? Bí wọ́n bá béèrè orúkọ mi lọ́run, tí wọ́n sì sọ pé, "Kò ní orúkọ"?

Jìnnìjìnnì bò ó láti ọjọ́ náà. Tó bá rí ògiri dúdú ilé àgbá lẹ́bàá ọ̀nà, á yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ìgò abẹ́ ilé, tó jẹ́ pé ibẹ̀ ló máa ń lọ jókòó sí láti gbádùn ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wá dà bí ẹni tó ń wò ó.

Ẹ̀yin ará, ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà yẹ kó sá wá sọ́dọ̀ ẹni tó lè gbà á. Struan kò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Dod fọn fèrè ní Ọjọ́bọ̀, ó jáde sí i bí ajá.

"O ti gbọ́, àbí? Inú ẹ á ti máa dùn!"

"Mo gbọ́. Inú mi ò dùn, Struan. Ó dùn mí fún ẹ."

"Ẹnu ẹ ló ṣe é! Ìwọ àti òfò, ìwọ àti olè méjì! Gbọ́, Dod Cowie. Má tún fọn fèrè burúkú yẹn níwájú ilé mi mọ́. Má dé ibí mọ́ láéláé."

Dod wò ó títí. Ó ní, "Ẹ̀rù ló ń bà ẹ́. Ìyẹn dáa. Èmi náà, ẹ̀rù ló kọ́kọ́ bà mí." Ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ishbel dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú omijé lójú. "Ọ̀rẹ́ ẹ láti kékeré, Struan. Ta ló tún kù tó máa wá wò ẹ́?"

"Wọ inú ilé."

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ooru dé lójijì sórí òkè. Yìnyín tó ti kó jọ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí yọ́, òjò sì ń rọ̀ lé e lórí. Odò Spey pọ́n, ó ń kó odindi igi bọ̀. Láti òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni rédíò ti ń pariwo pé kí àwọn ará etídò kúrò. Ishbel di ẹrù sínú báàgì, ó fẹ́ máa lọ sọ́dọ̀ Kirsty ní Elgin.

"Wọ bàtà ẹ, ká lọ."

"Máa lọ. Mò ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Struan, mo bẹ̀ ẹ́. Omi ò ní dúró dè ẹ́."

"Mo ní kò tíì yá! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé àwọn tó wà nísàlẹ̀ sókè. Kò ní pẹ́."

Ṣé o gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn? Pẹ̀lú gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ rí, ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Bí ọkọ̀ Ishbel ṣe lọ tán ló sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá abẹ́ ilé. Ó fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì ilé ìdáná. Omi ti ń yọ láàárín àwọn òkúta ilẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ó mọ́ lóló. Struan bẹ̀rẹ̀ sí kó ìgò láti pẹpẹ ìsàlẹ̀ sí ti òkè. Ó ń kó o, ó ń tò ó, ó ń tì wọ́n mọ́ra wọn, ìgò gbogbo wá kún òkè, kò sí nǹkan kan nísàlẹ̀ tó lè dá pẹpẹ dúró. Kọ́lékọ́lé ni o! Òun ló yẹ kó mọ̀ pé ohun tí orí rẹ̀ bá wúwo ju ìdí lọ kò ní pẹ́ ṣubú. Bó ṣe na ọwọ́ láti gbé èyí tó kẹ́yìn sókè, igi kán, ìṣó tó dì í mọ́ ògiri sì fà yọ. Pẹpẹ tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn fì, ó sì dà wó pẹ̀lú ariwo ńlá.

Struan fò sẹ́yìn, kò bà á. Ṣùgbọ́n nígbà tó máa wò ó, pẹpẹ ti dùbúlẹ̀ gbọọrọ dí ilẹ̀kùn. Inú ni ilẹ̀kùn náà sì ń ṣí sí. Ó fà á, kò gbò. Ó fi èjìká ti pẹpẹ náà, ó fi ẹsẹ̀ tì í. Igi líle tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn ni, ọkùnrin kan kò lè gbé e.

Omi dé ọrùn ẹsẹ̀. Omi dé orúnkún. Iná mànàmáná ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó kú.

Mi ò lè ṣàpèjúwe òkùnkùn yẹn. Ó ní omi náà tutù débi pé egungun rẹ̀ ń dùn ún. Ó pariwo, ó pe Ishbel, ó sì rántí pé ó ti lọ. Ó pe aládùúgbò, ó rántí pé gbogbo wọn ti kúrò láàárọ̀. Ta ló kù? Dod ló kù, òun fúnra rẹ̀ ló sì lé Dod. Kò sí ohun tó dẹ́rù bani bí kí ènìyàn há sínú yàrá tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kó sì mọ̀ pé òun lòun lé ẹni tó lè yọ òun.

Omi dé ìbàdí rẹ̀. Omi bẹ̀rẹ̀ sí gbá àwọn ìgò kúrò lórí pẹpẹ tó kù. Wọ́n ń kan ara wọn nínú òkùnkùn, kò, kò, kò. Wọ́n ń kan ògiri. Wọ́n ń kan òun náà lẹ́yìn àti láyà, bí ẹni pé wọ́n ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá ọ̀kan mú. Ìwé ara rẹ̀ ti rọ̀, ó ṣí mọ́ ọn lọ́wọ́ bí awọ wàrà. Ó mú òmíràn, bákan náà. Èyí tó fi owó tó ta ilé bàbá rẹ̀ rà àti èyí tó wà fún ẹnikẹ́ni tó bá yà sí ṣọ́ọ̀bù, kò mọ èyí tó jẹ́ èwo mọ́. Gbogbo wọn ti di aláìlórúkọ.

Nígbà náà ló rántí: méjì ni wọ́n. Ọ̀kan ló tọrọ.

Omi ti dé àyà. Struan fẹ́ gbàdúrà, ẹ̀rù sì bà á láti gbàdúrà. Bó bá pè, tí kò sí ìdáhùn ńkọ́? Bó bá ti kọjá ogójì ńkọ́? Ó fi orí ti ògiri, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ó la ẹnu. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn nínú àdúrà rẹ̀.

"Jésù Olúwa, mo ti pẹ́ jù. Mi ò mọ̀ bóyá nǹkan kan ṣì kù nínú mi tó yẹ ní kíkà. Gbogbo ìgbà lo pè mí, gbogbo ìgbà ni mo ní kò tíì yá. Mo fi ìgò ṣe ọlọ́run. Ẹ̀gbọ́n mi kú lójú mi, mo fi ìwọ̀n ìka kan dù ú. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Ìwọ lo kú fún mi, mi ò ní nǹkan míì tí mo lè dì mú. Gbà mí. Mi ò ní ọ̀la kankan tí mo fẹ́ fún ọ. Báyìí ni. Báyìí, Olúwa."

Omi kò dúró. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ikú ṣì wà lára rẹ̀, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rù kejì, èyí tó wà nísàlẹ̀ ti àkọ́kọ́, èyí tó ti ń jẹ ẹ́ láti ọjọ́ tí fóònù dún, kò bá a níbẹ̀ mọ́ nígbà tó wá a. Ó mọ̀ pé bí òun bá tilẹ̀ kú síbẹ̀, ẹnì kan ti mọ orúkọ òun.

Ibẹ̀ ló wà nígbà tó gbọ́ fèrè.

Fèrè ọkọ̀ ẹja ni. Ọjọ́bọ̀ ni. Ó dún lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́, ó tún dún.

Struan pariwo, ṣùgbọ́n odò ń pariwo jù ú lọ. Ó ní láti kan òrùlé yàrá náà, pákó tó jẹ́ ilẹ̀ ilé ìdáná lókè orí rẹ̀. Kí ni yóò fi kàn án? Kò sí nǹkan kan lọ́wọ́ àfi ìgò. Ó gbá ọ̀kan mú lọ́rùn, ó fi lu pákó náà tagbára-tagbára. Ó fọ́, ọtí dà sí i lójú. Ó mú òmíràn, ó fọ́. Ó mú òmíràn. Àwọn ìgò tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí rí, òun ló ń fọ́ wọn bí ẹyin yìí, kò sì dùn ún rárá.

Fèrè dákẹ́. Ẹsẹ̀ ń bọ̀ lókè, lórí pákó ilé ìdáná. Ohùn kan ní, "Struan! Kan án lẹ́ẹ̀kan sí i!" Ó tún kàn án. Kò pẹ́ tí ìró irin fi dé, Dod ń fi ọ̀pá irin tó fi ń fọ́ yìnyín ẹja hú pákó ilé ìdáná. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán wọlé. Ọwọ́ ńlá kan tó ń rùn bí ẹja wọlé tẹ̀ lé e.

Nígbà tí omi yóò fi dé ọrùn Struan, orí rẹ̀ ti wà nínú ilé ìdáná. Dod wọ́ ọ jáde, ó gbé e sínú ọkọ̀ láàárín àwọn páànù ẹja, ó sì wa ọkọ̀ náà nínú omi títí wọ́n fi dórí òkè. Àwọn méjèèjì ń mí gúlegúle.

Struan ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Mo ní kó o má fọn fèrè yẹn mọ́."

"Mi ò gbọ́ ẹ dáadáa," ni Dod wí. Ó fi imú fa òórùn ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ò ń rùn bí ilé ọtí. O ṣí wọn níkẹyìn, àbí?"

Struan ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún pọ̀ mọ́ ọn. Ó ní, "Dod, mo tọrọ. Nínú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, mo tọrọ." Dod dá ọkọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó fi orí lé ọwọ́ rẹ̀.

Omi lọ, ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀. Àwọn ìgò tó kù kò ní ìwé lára, gbàǹjo kò gbà wọ́n. Struan da gbogbo wọn nù, ó sì lọ sórí òkè pẹ̀lú Kirsty láti ní kí wọ́n da àgbá náà nù pẹ̀lú. Kirsty wò ó bó ṣe ń ṣàn lọ. Ó ní, "Ọjọ́ orí mi nìyẹn, Dádì." Struan gbá a mọ́ra, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Kò rí Hendry kó tọrọ tirẹ̀. Ìyẹn ṣì ń dùn ún títí di òní, yóò sì máa dùn ún.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ìwọ ni mo kọ ọ́ sí. Kì í ṣe ọ̀mùtí ni ọ́, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ ń tò sórí pẹpẹ? Iṣẹ́ rẹ ni? Ilé tí o ń kọ́? Orúkọ rere tí àwọn ará àdúgbò ń pè ọ́? Mélòó nínú ìpè Olúwa lo ti dá lóhùn pé, "Jẹ́ kí n parí èyí ná"?

Ẹ̀rù ń bà mí fún ọ, mi ò fi í pa mọ́. Fèrè dún fún Struan. Ẹlòmíràn wà tí fèrè kò dún fún, Hendry kò gbọ́ fèrè kankan. Kò sẹ́ni tó ṣèlérí fún ọ pé àkókò yóò wà fún ọ láti pariwo. Ọjọ́ ayé rẹ ń jò báyìí bí o ṣe ń kàwé yìí, láìsí ihò, láìsí ariwo, agogo kankan kò sì ní lù lọ́jọ́ tí ó bá kọjá ogójì.

Ṣùgbọ́n o ṣì ń mí. Àánú rẹ̀ ni. Jésù tó gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú òkùnkùn lábẹ́ ilé, ó ń gbọ́ tìrẹ níbi tí o wà yìí. Kò béèrè ọ̀rọ̀ dídùn. Sọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ fún un, sọ fún un pé ìwọ kò ní nǹkan míràn láti dì mú, sì ní kó gbà ọ́. Má dìde kúrò lórí ìjókòó yẹn kó o tó ṣe é.

Mo mọ ọ̀rọ̀ tó wà ní ètè rẹ. Má sọ ọ́. Struan sọ ọ́ títí omi fi dé àyà rẹ̀.